Ara tòní ni kí ẹ wọ̀n: ìtọ́sọ́nà fún ìyá ọmọ tuntun lórí ara tó yí padà

Ẹ kú ewu ọmọ o. Ọmọ á yè, ìyá á yè.

Aṣọ ni mo ń rán ní Adó-Èkìtì, obìnrin ló sì pọ̀ jù nínú àwọn oníbàárà mi. Gbólóhùn kan wà tó jẹ́ pé bí mo bá ti na téèpù mọ́ ìbàdí ìyá ìkókó báyìí, ó ti jáde lẹ́nu ẹ̀: "Àǹtí, ẹ jẹ́ kó fún díẹ̀ o, mo máa tó fọn." Èmi náà á ní, "Ìyá ìkókó, ta ni mò ń ránṣọ fún, ìwọ tó dúró síbí àbí ẹni tó ń bọ̀?" Aṣọ tí a bá rán sí ara tí a ń retí, inú àpótí ló ń gbé.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju ìyẹn lọ. Ara tó wà nílẹ̀ lónìí ni kí ẹ bọ́, òun ni kí ẹ wọṣọ fún, òun ni kí ẹ tọ́jú. Kí èèyàn gba ara ẹ̀ kò ní kó káwọ́ gbera o. Iṣẹ́ wà níbẹ̀, a ó sì tò ó lẹ́sẹẹsẹ. Èyí tó bá jẹ mọ́ ìṣègùn nínú ẹ̀, lẹ́nu àwọn nọ́ọ̀sì àti dókítà ni a ti gbọ́ ọ. Èyí tó bá jẹ mọ́ aṣọ, tèmi ni.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Kí a tó sọ̀rọ̀ ẹwà, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ẹ̀mí

Àwọn nǹkan kan wà tí kì í ṣe "bí ara abiyamọ ṣe ń rí nìyẹn." Bí ẹ bá rí ọ̀kankan nínú wọn, ọsibítù ni, lọ́jọ́ náà gan-an:

Ẹ̀jẹ̀ tó ń kún páàdì kan láàárín wákàtí kan, tàbí tó ń já lulẹ̀ ní kókó-kókó ńláńlá. Ibà. Ẹ̀jẹ̀ ìbímọ tó ń rùn. Orí tó ń fọ́ burúkú pẹ̀lú ojú tó ń ṣe bàìbàì. Ẹ̀jẹ̀ ríru lè dé títí di ọ̀sẹ̀ 6 lẹ́yìn ìbímọ, kódà fún ẹni tí kò ní in rárá nínú oyún. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo tó wú, tí ẹran ẹ̀yìn ẹ̀ ń dùn. Àyà tó ń dunni tàbí èémí tó ń ṣòro fà. Ọmú tó le, tó gbóná, tí ibà sì tẹ̀ lé e. Ojú abẹ tó ń ṣe ọyún. Àti ìtọ̀ tó ń dà fúnra ẹ̀ tọ̀sán-tòru láìdá, pàápàá lára ẹni tí ìrọbí ẹ̀ pẹ́ púpọ̀. Ti ìtọ̀ yìí, àwọn dókítà lè tún un ṣe, kò sì sí obìnrin tó yẹ kó máa fi í pamọ́ sínú yàrá.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní ká kọ́kọ́ gbàdúrà, àdúrà dára, ẹ gbà á nínú ọkọ̀.

Ìtọ́jú lẹ́yìn ìbímọ ní ọjọ́ tirẹ̀ náà: lẹ́yìn wákàtí 24 àkọ́kọ́, ó yẹ kí elétò ìlera tún rí ìyá láàárín ọjọ́ kejì sí ìkẹta, kó tún rí i láàárín ọjọ́ 7 sí 14, kó sì tún rí i ní ọ̀sẹ̀ kẹfà. Ọ̀sẹ̀ kẹfà yẹn náà ni ọmọ ń gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ohun tí mo sì ń rí ni pé ìyá á gbé ọmọ lọ, wọ́n á wọn ọmọ, wọ́n á gún ọmọ lábẹ́rẹ́, wọ́n á kọ ọ́ sí káàdì, ìyá á pọn ọmọ padà sílé láìsí ẹni tó bi í pé ara tiẹ̀ ńkọ́. Ẹ má dúró kí wọ́n bi yín. Ẹ sọ ọ́ fúnra yín: "Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yẹ ikùn mi wò, kí ẹ sì wo ojú ibi tí wọ́n rán."

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ pín ìyípadà náà sọ́nà mẹ́ta

Ẹ mú bébà. Èyí tó máa lọ fúnra ẹ̀, ẹ kọ ọ́ sí apá kan: ilé ọmọ tó wú, ẹ̀jẹ̀ ìbímọ (ó máa ń pọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀, á wá ṣe bíi ràkọ̀ràkọ̀, á sì funfun kó tó dá láàárín ọ̀sẹ̀ 4 sí 6), òógùn òru, ẹsẹ̀ wíwú, ìlà dúdú tó gba àárín ikùn kọjá, irun tó ń jábọ́. Èyí tó fẹ́ ìrànlọ́wọ́ yín, ẹ kọ ọ́ sí apá kejì: iṣan ikùn, iṣan ìsàlẹ̀ ara, kílò tó ṣẹ́kù. Èyí tó máa bá yín gbé, ẹ kọ ọ́ sí ẹ̀kẹta: ìlà ara, àpá abẹ, ìrísí ọmú, nígbà mìíràn ìbú ìbàdí àti gígùn ẹsẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹsẹ̀ ń gùn. Okùn tó so eegun ẹsẹ̀ pọ̀ ń dẹ̀ nínú oyún, bàtà tó bá sì ti kọ̀ yín, ẹ fún àbúrò yín.

Ìdààmú tó pọ̀ jù máa ń wá láti orí kí èèyàn máa bá apá kẹta jà, kó má sì ṣe iṣẹ́ kankan lórí apá kejì.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ikùn

Ikùn ló ń ba ọ̀pọ̀ nínú jẹ́ jù, nítorí náà n ó pẹ́ díẹ̀ lórí ẹ̀.

Lọ́jọ́ tí ọmọ bá jáde, ilé ọmọ ṣì ga dé ìdodo, ó sì wúwo tó nǹkan bíi kílò 1. Kò sí ohun ìyanu nínú kí èèyàn kúrò ní ọsibítù pẹ̀lú ikùn tó dà bíi pé ọmọ ṣì wà níbẹ̀. Lójoojúmọ́ ló ń sọ̀ kalẹ̀ ní nǹkan bí ìbú ìka kan. Bó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ méjì, ọwọ́ kì í kàn án mọ́ láti òkè. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ padà sí ìwọ̀n tó wà kí oyún tó dé. Òun fúnra ẹ̀ ló ń súnkì. Inú rírun tó ń mú yín bí ọmọ bá ń mu ọmú, òun náà nìyẹn, ó sì máa ń le sí i lára ẹni tó ti bímọ rí.

Ọ̀rọ̀ yìí ló gbé wa dórí omi gbígbóná. Yèyé ẹni tàbí ìyá ọkọ á dé láti Ìjerò tàbí Ìkọ̀lé láti wá wẹ ọmọ, kí wọ́n tó jókòó dáadáa omi ti wà lórí iná, táwẹ́ẹ̀lì ti wà lọ́wọ́, wọ́n á máa tẹ ikùn mọ́lẹ̀ pé kí ẹ̀jẹ̀ burúkú jáde kí ikùn sì wọlé. Ìfẹ́ ni, mi ò bá wọn jà. Àmọ́ bó bá jẹ́ omi gbígbóná ló ń mú ikùn wọlé, kò yẹ kí á rí obìnrin kan tó yọkùn ní gbogbo Ìkògòsì, níbi tí omi gbígbóná ti ń sun láti inú ilẹ̀. Omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ lórí ikùn ń tuni lára, ẹ gbà á. Èyí tó ń hó, ẹ má gbà á. Ó ń jó awọ ara, ó sì léwu púpọ̀ fún ẹni tí wọ́n fi abẹ gbẹ̀bí. Bákan náà ni jíjókòó sínú omi gbígbóná: ibi tí wọ́n rán kò le tó àtẹ́lẹwọ́ Màmá tó ń fi ọwọ́ wọn dán omi wò.

Bí a ṣe ń sọ ọ́ fún àgbà láìfa ìjà nìyí: "Màmá, ẹ ṣeun o, Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ jẹun ọmọ. Nọ́ọ̀sì ló ní kí omi má gbóná ju èyí tí a fi ń wẹ ọmọ lọ. Ẹ jẹ́ kí n tọ́ ọ wò ná." Ẹ gbé e lé nọ́ọ̀sì lórí. Kò sí àgbà tó máa bá nọ́ọ̀sì tí kò sí nínú ilé fa ọ̀rọ̀.

Ọ̀já tàbí bẹ́líìtì ikùn ńkọ́? Ẹ lè dì í. Ó ń gbé ẹ̀yìn dúró, ó sì ń dín ìrora kù fún ẹni tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún. Ọ̀rá kì í yọ́ nítorí ẹ̀, iṣan kì í sì tipa ẹ̀ le. Bí ẹ kò bá lè mí kanlẹ̀ nínú ẹ̀, ó ti fún jù. Títẹ̀ tó ń tẹ ikùn mọ́lẹ̀ ń ti nǹkan lọ sí ìsàlẹ̀ ara, ibẹ̀ kò sì tíì le. Bí ẹ bá fẹ́ sùn, ẹ tú u.

Lẹ́yìn èyí, iṣan. Nínú oyún, iṣan méjì tó gùn wálẹ̀ níwájú ikùn ń yà kúrò lára ara wọn kí ọmọ lè ráyè. Bí ẹ ṣe máa yẹ̀ ẹ́ wò rèé. Ẹ fẹ̀yìn lélẹ̀, ẹ ká orúnkún sókè. Ẹ fi ìka sí òkè ìdodo, kí orí ìka kọjú sí ìsàlẹ̀ ikùn. Ẹ gbé orí nìkan sókè díẹ̀ kúrò lórí ilẹ̀. Ẹ óò gbọ́ kí iṣan méjèèjì le lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìka yín, ẹ óò sì mọ iye ìka tó wọ àárín wọn. Ẹ tún un ṣe ní ìsàlẹ̀ ìdodo. Fún ọ̀pọ̀ obìnrin, àlàfo yẹn máa ń dínkù gan-an tó bá fi máa tó ọ̀sẹ̀ 8. Bí ìka méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá ṣì ń wọ ibẹ̀ lẹ́yìn ìgbà yẹn, tàbí tí ohun kan ń yọ kókó níbi ìdodo bí ẹ bá wúkọ́, ẹ wá oníṣẹ́ físíò, ìyẹn elétò ìlera tó ń fi ìdárayá tọ́jú iṣan. Ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn tó wà ní Adó àti ti ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ìdó-Èkìtì ni kí ẹ kọ́kọ́ bèèrè.

Ẹ má ì tíì ṣe sit-up, ìyẹn kí èèyàn dùbúlẹ̀ kó máa fi agbára ikùn gbé ara dìde jókòó. Bí àárín ikùn bá ń yọ gongo bí òrùlé ilé nígbà tí ẹ bá ń dìde, ìdárayá yẹn ti le jù fún un. Èyí tó tọ́ láti fi bẹ̀rẹ̀ ni pé kí ẹ dùbúlẹ̀, kí ẹ mí sínú, kí ẹ wá máa mí síta díẹ̀díẹ̀ bí ẹ ṣe ń fa ìdodo lọ sí ọ̀nà ẹ̀yìn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ yí sí ẹ̀gbẹ́ kan kí ẹ tó fi ọwọ́ ti ara yín sókè.

Ìrìn ẹsẹ̀ dára ju gbogbo ẹ̀ lọ. Ilẹ̀ tó tẹ́jú ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀ tó tẹ́jú kò pọ̀ nílùú wa. Ẹni tí wọ́n fi abẹ gbẹ̀bí kò gbọdọ̀ gbé ohun tó wúwo ju ọmọ ẹ̀ lọ fún ọ̀sẹ̀ 6. Ọmọ odó wà nínú ẹ̀. Mo mọ̀ pé Èkìtì ni wá, a kì í fi iyán ṣeré, ṣùgbọ́n ẹlòmíì ló máa gún un fún yín.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ìsàlẹ̀ ara

Ẹ rẹ́rìn-ín, ìtọ̀ ta síni lábẹ́. Ẹ sín, ó tún ta. Obìnrin á wá bẹ̀rẹ̀ sí í yẹra fún ijó nínú ìdúpẹ́, kò sì ní sọ ìdí fún ẹnikẹ́ni. Ó wọ́pọ̀ gan-an, ó sì ní àtúnṣe.

Ẹ jókòó. Ẹ ṣe bí ẹni tí isó ń bọ̀ lára ẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì tí gbogbo ènìyàn dákẹ́, ẹ fa ibẹ̀ mọ́ra. Ẹ fa ọ̀nà ìtọ̀ náà mọ́ ọn. Ìdí àti itan kò gbọdọ̀ le, ẹ má sì di èémí. Ẹ ka 3, tàbí 5, títí ẹ ó fi lè ka 10 láìjẹ́ pé ó já bọ́. Ẹ dẹ̀ ẹ́ pátápátá kí ẹ tó tún ṣe òmíràn. Ìgbà 8, lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́. Ìgbà tí ọmọ bá ń mu ọmú ló rọrùn jù láti rántí ẹ̀. Ẹ má máa ṣe é lórí ìtọ̀ gan-an. Kì í jẹ́ kí ilé ìtọ̀ ṣófo tán.

Ó ń tó oṣù mẹ́ta kó tó hàn kedere. Bí ìtọ̀ bá ṣì ń ta lẹ́yìn ìyẹn, tàbí tó ń ṣe yín bíi pé nǹkan ń sọ̀ kalẹ̀ lójú ara, ẹ lọ rí dókítà.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Oúnjẹ

Lọ́jọ́ tí ẹ bímọ, nǹkan bíi kílò 5 sí 6 ti bá ọmọ, ibi ọmọ àti omi jáde. Ìyókù ń lọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, láàárín oṣù 6 sí ọdún kan, òmíràn a sì máa ṣẹ́kù. Ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú nílò oúnjẹ tó ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, kò nílò ààwẹ̀.

Tíì tó ń fa ikùn wọlé tí wọ́n ń pòlówó lórí fóònù: púpọ̀ nínú ẹ̀, ìgbẹ́ ló ń yàni. Omi ló ń jáde, ọ̀rá wà níbẹ̀. Àgbo tí wọ́n fi ògógóró rẹ náà, ọtí inú ẹ̀ ń dé inú ọmú.

Iyán kì í ṣe ọ̀tá. Ẹ dín òkèlè kù díẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹ̀fọ́ pọ̀ nínú àwo: tẹ̀tẹ̀, ìṣápá pẹ̀lú ẹ̀gúsí, pẹ̀lú ẹja tó jẹ́ ẹja. Ẹ̀wà, ẹyin àti ẹ̀dọ̀ wúlò fún ẹ̀jẹ̀ tó ti lọ. Oògùn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fún yín nígbà oyún, ẹ bi nọ́ọ̀sì bóyá kí ẹ máa bá a lọ; ó sábà máa ń jẹ́ ọ̀sẹ̀ 6 sí 12 lẹ́yìn ìbímọ. Wọ́n á sọ fún yín pé ògì àti tíì oníṣúgà lójoojúmọ́ ló ń mú ọmú wá. Ọmọ tó ń fa ọmú dáadáa ló ń mú ọmú wá. Ṣúgà inú ẹ̀, ìbàdí ló ń bọ́ sí, èmi ni mo sì ń wọ̀n ọ́n.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Awọ ara, àpá, ọmú, irun

Ìlà ara tí wọ́n ń pè ní stretch mark kì í ṣe ìdọ̀tí tí ìpara lè fọ̀. Abẹ́ awọ ló ti ya. Á pọ́n tàbí kó dúdú ní ìbẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn oṣù púpọ̀ á ṣá, á sì tẹ́ sára. Òrí ń dá gbígbẹ àti híhún ara dúró, ìyẹn tó. Kò sí èyí tó ń pa ìlà rẹ́ nínú gbogbo ohun tí wọ́n ń tà ní Ọjà Ọba. Ẹ ṣọ́ra fún ìpara abóra o. Àwọn kan ní mẹ́kúrì, ó ń ba kíndìnrín jẹ́, ó sì ń dé ọ̀dọ̀ ọmọ. Àwọn kan ní oògùn steroid tó ń mú awọ fẹ́lẹ́, tí òun fúnra ẹ̀ ń fa ìlà tuntun. Èèyàn á sanwó láti fi kún ohun tó ń sá fún. Fún ojú tó dúdú ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti iwájú orí, agbòòrùn àti fìlà lójú oòrùn.

Àpá abẹ nílò kí ẹ fọwọ́ kàn án. Mo rí àwọn obìnrin tó jẹ́ pé tí téèpù bá ti ń súnmọ́ ibẹ̀, ara wọn á ti fà sẹ́yìn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 6, tí dókítà bá ti ní ó jinná, ẹ fi òrí díẹ̀ sí orí ìka méjì lẹ́yìn ìwẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi ra awọ tó wà lókè àpá, lẹ́yìn náà ti ìsàlẹ̀ ẹ̀, kí ẹ tó wá gorí àpá gan-an, ẹ máa sún un sápá ọ̀tún, ẹ máa sún un sápá òsì. Ibì kan á kú bí ẹni pé kì í ṣe ara yín, ibòmíì á máa ṣe ṣínínṣínín. Bó ṣe ń rí nìyẹn, iṣan ìmọ̀lára ń hù padà, ó lè gbà tó oṣù púpọ̀, ibi kékeré kan sì lè má padà. Ẹ óò wá mọ ibẹ̀ bí ẹ ṣe mọ ìgbọ̀nwọ́ yín. Bí àpá bá ń wú sókè, tó ń le, tó ń hún yín ṣáá, ó lè jẹ́ kélọ́ìdì. Dókítà awọ ara ni ẹ óò rí.

Ọmú kì í sọ̀ nítorí pé ọmọ mu ún. Oyún fúnra ẹ̀ àti ọjọ́ orí ló ń mú un sọ̀, nítorí náà ẹ má torí ẹwà gba oúnjẹ ọmọ. Ẹ ra kọ́mú tó gbé e dúró, kó má ní irin tó ń gún un.

Irun sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í jábọ́ ní nǹkan bí oṣù kẹta, á máa kún ìyàrun. Ẹ̀rù máa ń bani. Èyí tí oyún kò jẹ́ kó já ló ń já lẹ́ẹ̀kan, á sì hù padà kí ọmọ tó pé ọdún kan. Ẹ má jẹ́ kí onídìrí fà á le, iwájú orí ló máa ń kọ́kọ́ lọ.

Ìgbésẹ̀ keje: Ọkàn

Bí ẹkún bá gbọ̀n yín lọ́jọ́ kẹta láìnídìí, kò ṣàjèjì. Ó máa ń lọ kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, tí ẹ kò fẹ́ rí ara yín, tí ẹ kò fẹ́ rí ọmọ, tí oúnjẹ kò wọlé, ẹ sọ ọ́ fún nọ́ọ̀sì ní gbangba. Bí ìyá kò bá sùn rárá kódà nígbà tí ọmọ sùn, tó ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíì kò gbọ́, tàbí tó ń ronú àtipa ara ẹ̀ tàbí ọmọ lára, ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀. Àbísínwín, àìsàn ni. Ó ń gbóògùn. Ẹ má gbé ìyá ọmọ lọ dè mọ́lẹ̀ níbì kankan.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Ẹnu èèyàn

A fẹ́ràn ara wa ní Èkìtì, a sì fẹ́ràn ọ̀rọ̀. Ẹ kò ní rìn láti ilé dé ọjà kí ẹnìkan má wo ikùn yín kí ó tó wo ọmọ. Ẹ múra ìdáhùn sílẹ̀, kí ẹ má baà wá a lójú títì.

Ìyá àgbà tó ní, "Ìyàwó, ikùn ṣì wà níta, àbí òmíràn ti tún wọlé?" Ẹ kúnlẹ̀, ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ ní: "Iyán àárọ̀ ni o, Màmá. Ẹ bá wa dúpẹ́, ọmọ wà láyọ̀." Ọ̀rọ̀ ti kúrò lórí ikùn. Bó bá jẹ́ ẹgbẹ́ yín ló ní, "O mà sanra o," ẹ lè wò ó lójú kí ẹ ní, "Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni. Ìwọ ńkọ́, ṣé àlàáfíà?" Àbúrò ọkọ tó ń ya fọ́tò, ẹ sọ fún un pé kó fi han yín kó tó gbé e sórí fóònù. Bó bá ya èyí tí ẹ kò fẹ́, ẹ ní kó pa á rẹ́. Ìyàwó ilé ni yín, ẹ kì í ṣe ẹrù ilé.

Àmọ́ ẹ má torí fọ́tò sá fún fọ́tò. Mo mọ ilé tó jẹ́ pé àwòrán ìsọmọlórúkọ kún inú álúbọ́ọ̀mù, ìyá ọmọ kò sí nínú ẹyọ kan.

Ti ọkọ yàtọ̀. Òun kò mọ ohun tó ń ṣe yín bí ẹ kò bá sọ, àwàdà rẹ̀ sì lè wọni lára ju ti ará ọjà lọ. Ẹ wá ìgbà tí inú ilé bá rọ̀: "Olówó orí mi, ẹ má fi ikùn mi ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́, ó ń dùn mí." Gbólóhùn kan yẹn tó. Lórí ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀dì, ẹ dúró kí ẹ̀jẹ̀ dá, kí ojú ọgbẹ́ jinná, kí ara yín náà sì fẹ́. Ojú ara tó gbẹ nígbà tí èèyàn ń fún ọmọ lọ́mú kì í ṣe àìnífẹ̀ẹ́, omi ara ló yí padà. Wọ́n ń ta ohun tó ń mú un yọ̀ ní ilé oògùn. Kí ẹ sì mọ̀ pé oyún lè wọlé kí nǹkan oṣù tó padà rárá, nítorí náà ẹ ti bá nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀ ìfètò-sọ́mọ-bíbí kí ìyá àgbà yẹn má baà jàre.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: Aṣọ

Ẹ kó gbogbo aṣọ yín sílẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹlòmíì bá lè gbé ọmọ. Èyí tó wọ̀ yín báyìí láìfà, ẹ fi í síwájú. Èyí tó ku díẹ̀, ẹ yí i sódì kí ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ẹ̀: bí télọ̀ bá fi ààyè ìǹṣì 1 sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, a lè tú u. Bí kò bá fi nǹkan sílẹ̀, àwọn ahun wà nínú iṣẹ́ wa, a lè fi aṣọ mìíràn sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, ó sì máa ń dára ju bó ṣe wà lọ nígbà mìíràn. Èyí tó jìnnà sí yín pátápátá, ẹ fún ẹni tó máa wọ̀ ọ́. Ẹ fi ẹyọ kan ṣoṣo pamọ́ bí ó bá jẹ́ aṣọ ìgbéyàwó; kí ìyókù má máa wo yín láti inú wọ́dúróòbù láràárọ̀.

Ẹ má sáré rán aṣọ olówó ńlá kí ọ̀sẹ̀ 6 tó pé, ara ṣì ń yí. Oṣù kẹta dára jù. Títí di ìgbà yẹn, ìró àti bùbá ni. Ẹni tó dá ìró sílẹ̀ mọ ohun tó ń ṣe: ó ń gba olóyún, ó ń gba abiyamọ, ó ń gba ẹni tó jẹun yó. Ẹni tó ní àpá abẹ, kó so ìró sókè àpá, kí kókó má bọ́ sí orí ẹ̀.

Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ télọ̀, ẹ dúró bí ẹ ṣe ń dúró. Ẹ má fa ikùn mọ́ra nígbà tó bá ń wọ̀n yín, ẹ kò ní fà á mọ́ra ní gbogbo ọjọ́ òde. Ẹ jẹ́ kó wọ̀n àyà nígbà tí ọmú bá kún, nítorí ọmú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ ọmọ kò ju ti ẹni tó ń tan télọ̀ lọ. Ẹ ní kó fi bọ́tìnnì tàbí síìpù síwájú kí ọmọ lè rí oúnjẹ ẹ̀ láìtú gbogbo aṣọ. Sìkẹ́ẹ̀tì, kó fi rọ́bà sí ẹ̀yìn, kí iwájú dúró pẹrẹsẹ. Ẹ ní kó fi ààyè ìǹṣì 1 sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, kó má sì gé e dànù. Èyí tó bá kọ sínú ìwé ẹ̀, ẹ má bèèrè èyí tó kọ ṣáájú oyún. Àwa télọ̀ ń rí nọ́ńbà lójoojúmọ́, kò sọ ohunkóhun fún wa ju ibi tí síkísọ́ọ̀sì máa gbà lọ.

Bí aṣọ ẹbí bá dé tí gbogbo ẹbí ń rán èyí tó fún mọ́ra, ẹ rán tiyín bí ó ṣe máa jẹ́ kí ẹ jókòó, kí ẹ jẹun, kí ẹ jó. Bó bá sì tóbi lẹ́yìn oṣù 6, ẹ gbé e padà wá. Dídín aṣọ kù kì í pẹ́, ó rọrùn ju títú u lọ, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan.